Golf 5 GTI mi kò fà mọ́ lórí òkè Ẹ̀fọ̀n: ṣé tọ́bò ló kú lóòótọ́?

ỌmọÌlódè (Ilé-Ifẹ̀)

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Golf 5 GTI ni mo ń wà, ti ọdún 2007, ẹ́ńjìnnì 2.0 TFSI, gíá DSG (gíá ọ́tò oní-clutch méjì). Tòkunbọ̀ láti Jámánì ni, mi ò tíì lò ó pẹ́. Lọ́sẹ̀ tó kọjá mo ń lọ sí Adó-Èkìtì, mo yà ní Ìwárája. Bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í gun òkè Ẹ̀fọ̀n báyìí, ọkọ̀ rọ̀ wọ̀ọ̀. Mo tẹná títí ẹsẹ̀ mi fi kanlẹ̀, kò fà. Ọkọ̀ akẹ́rù tó kó pákó gègèrè ló ń fọn fèrè sí mi lẹ́yìn pé kí n kúrò lọ́nà! Iná ẹ́ńjìnnì wá tàn, kò sì kú mọ́ títí mo fi padà délé.

Mẹkáníìkì mi síkáànì rẹ̀, ó rí kóòdù P0299. Ó ní tọ́bò ti kú, kí n lọ wá owó òmíràn. Nígbà tó dárúkọ iye rẹ̀, mo wá àga jókòó. Nǹkan míì tí mo tún kíyè sí: láàárọ̀ tí mo bá kọ́kọ́ ṣáná sí i, ó máa ń gbọ̀n jìgìjìgì díẹ̀ kó tó balẹ̀, ọ́ìlì rẹ̀ sì ń dín kù bẹ́ẹ̀ kò jò sílẹ̀. Mi ò rí èéfín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí i kí n tó lọ yá owó.

Dẹ́rẹ́bàÒṣú

Ẹ̀ẹ̀melòó ni mo máa sọ ọ́ níbí pé kí ẹ ra Corolla? Ẹni tó ń gbé Ifẹ̀, kí ló fẹ́ fi tọ́bò ṣe? Ṣé nínú sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ Lagere lẹ ti fẹ́ sáré ni?

ỌmọÌlódè

Ẹ̀gbọ́n, mo mọ̀ pé ẹ máa yọjú. Mo ti rà á ná, ẹ gbà mí.

Ọ̀gáÌsọ̀kun (mẹkáníìkì, Iléṣà)

Àbúrò, fi owó rẹ sápò ná. P0299 kò sọ pé tọ́bò kú. Ohun tí kọ̀ǹpútà ọkọ̀ ń sọ kò ju pé afẹ́fẹ́ tí òun ń retí kò dé ọ̀dọ̀ òun tó bó ṣe yẹ. Bí tọ́bò ṣe lè jẹ̀bi, bẹ́ẹ̀ ni họ́ọ̀sì tó ya lè jẹ̀bi, bẹ́ẹ̀ náà ni fáàfù kan tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ.

Ẹ jẹ́ kí n là á fún ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n. Èéfín gbígbóná tó ń jáde nínú ẹ́ńjìnnì ló ń yí abẹ̀bẹ̀ kan nínú tọ́bò. Ọ̀pá kan so abẹ̀bẹ̀ yẹn mọ́ ìkejì rẹ̀, ìkejì yìí ló ń fa afẹ́fẹ́ tútù wọlé, á kì í pọ̀, á tì í gba inú intercooler tó ń mú un tutù kó tó wọ ẹ́ńjìnnì. Ibikíbi tó bá lu láàárín abẹ̀bẹ̀ kejì sí ẹ́ńjìnnì, tọ́bò lè dára bí tuntun, ọkọ̀ kò ní fà.

Lórí Golf 5, ibi tí mo máa ń kọ́kọ́ wò ni diverter valve. Ara tọ́bò gan-an ló wà, nísàlẹ̀, nọ́ọ̀tì mẹ́ta ló dì í mú, wáyà sì wà lẹ́yìn rẹ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ ni pé tó o bá gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí iná lójijì, kó dá afẹ́fẹ́ tó ti há padà sẹ́yìn kó má baà kọlu abẹ̀bẹ̀. Àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe, rọ́bà pẹlẹbẹ kan ló wà nínú wọn, rọ́bà yẹn a máa ya. Tó bá ti ya, afẹ́fẹ́ tó yẹ kó wọ ẹ́ńjìnnì á kàn máa yí po síbẹ̀. Volkswagen padà ṣe òmíràn tó jẹ́ písítìnnì ló wà nínú ẹ̀, lẹ́tà D ló gbẹ̀yìn nọ́ńbà rẹ̀. Owó rẹ̀ kò sún mọ́ owó tọ́bò rárá.

Tọ́bò tó bá kú lóòótọ́, kì í dákẹ́. Tó o bá tẹná, á máa han goooro. Èéfín búlúù á máa tẹ̀lé ẹ, ọ́ìlì á kún páípù intercooler. Bó o bá ṣì ń ṣiyèméjì, jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì tutù, tú páípù afẹ́fẹ́ kúrò lẹ́nu tọ́bò, kó o fọwọ́ mú imú ọ̀pá àárín yẹn. Bó bá mì díẹ̀ sọ́tùn-ún sósì, kò burú. Bó bá ń wọlé tó ń jáde, tàbí tí etí abẹ̀bẹ̀ ti ń ha ilé rẹ̀, ìgbà yẹn ni kó o wá ka owó.

Láti mọ ibi tó ti ń sá, lọ bá fọ́kánáísà àdúgbò rẹ. Wá ike tó bá ẹnu páípù tó wọ tọ́bò mu, lu ihò sí i, ki fáàfù táyà bọ̀ ọ́, fi kílíìpù dì í pinpin. Kó fún afẹ́fẹ́ sí i díẹ̀díẹ̀. Kò gbọdọ̀ kọjá 15 psi lórí gééjì o! Fọ́kánáísà tó bá ṣe é bí ẹni ń fún táyà, tó tú 35 sí i, á bẹ́ họ́ọ̀sì tí kò ṣe nǹkan kan. Lẹ́yìn náà, da omi ọṣẹ sí gbogbo oríkèé páípù. Ibi tó bá ń hó, òun ni.

Akẹ́kọ̀ọ́MẹkáFáṣítì (OAU)

Ẹ kú àlàyé, ọ̀gá. Mo fẹ́ fi PCV kún un. Lórí ìdérí ẹ́ńjìnnì ló wà, òun ló ń kó afẹ́fẹ́ ọlọ́ìlì tó wà nísàlẹ̀ padà sínú ẹ́ńjìnnì kí wọ́n lè jó o. Tí rọ́bà inú rẹ̀ bá ya tàbí tí fáàfù rẹ̀ kò pa mọ́, ẹ́ńjìnnì á bẹ̀rẹ̀ sí í mu ọ́ìlì, ìdúró rẹ̀ kò ní balẹ̀, afẹ́fẹ́ tọ́bò náà sì lè gba ibẹ̀ sá. Ọ̀rọ̀ ọ́ìlì tí ẹ̀gbọ́n ỌmọÌlódè sọ yẹn ló mú mi fura sí i.

Bí ẹ ṣe máa dán an wò: ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì máa ṣiṣẹ́ ní ìdúró, kí ẹ ṣí ìdérí ibi tí a ń da ọ́ìlì sí. Bí afẹ́fẹ́ bá fà á mọ́ra débi pé agbára lẹ fi ṣí i, tàbí tí súfèé kan tó ti ń dún tẹ́lẹ̀ bá dákẹ́ bí ẹ ṣe ṣí i, PCV ti lọ.

N75 náà wà ńbẹ̀, fáàfù kékeré tó ń pàṣẹ fún wastegate, ìyẹn ilẹ̀kùn tó ń dín èéfín tó ń yí tọ́bò kù. Ṣùgbọ́n ìyẹn ẹ̀yìn ni mo máa ń gbé e sí.

ÀǹtíGólfù (Iléṣà)

Èmi náà ń wa Golf 5, ọ̀nà Ifẹ̀ sí Iléṣà ni mo ń ná lójoojúmọ́. Ọkùnrin tó bá rí mi nídìí stẹ́ríìnì á béèrè pé ọkọ mi ló rà á fún mi ni. Ọmọ Òṣómàáló ni mí o, mo mọ bí a ti ń jókòó ti owó ẹni!

Ọ̀rọ̀ gbígbọ̀n láàárọ̀ yẹn ni mo bá wá. Kọ́ìlì tó ń fún púlọ́ọ̀gì níná a máa kú bẹ́ẹ̀, sìlíńdà kọ̀ọ̀kan ló sì ní tiẹ̀. Nígbà tí tèmi ṣe é, mẹkáníìkì kan ti kọ kọ́ìlì mẹ́rin, púlọ́ọ̀gì mẹ́rin àti injector (ẹnu tó ń fọ́n epo) sínú bébà fún mi. Àbúrò mi ní kí n má dá a lóhùn. P0302 ni síkáànà kọ, ìyẹn sìlíńdà kejì. Ó yọ kọ́ìlì ìkejì, ó kì í bọ ìkẹta, ó fi ti ìkẹta sí ìkejì, ó pa kóòdù rẹ́, ó wa ọkọ̀ yíká díẹ̀. P0302 di P0303. Ọ̀rọ̀ bùṣe, kọ́ìlì kan ṣoṣo ni mo rà. Ká ní P0302 ló ṣì ń kọ ni, púlọ́ọ̀gì tàbí injector là bá máa bá wí.

Bí iná ẹ́ńjìnnì bá wá ń ṣẹ́jú, tí kì í ṣe pé ó kàn tàn síbẹ̀, ẹ páàkì o. Epo tí kò jó ló ń dà lọ sínú ẹ̀sọ́ọ̀sì, ó sì máa ń ba catalyst (ohun tó ń fọ èéfín mọ́) jẹ́.

BàbáRẹwáyà (Sábó, Ifẹ̀)

Ẹ ń fi gírámà pa ọmọ ọlọ́mọ. Láti ìgbà Golf 1 ni mo ti wà nídìí ọkọ̀. Kó yọ thermostat tó ń ṣọ́ ooru ẹ́ńjìnnì sọnù, oòrùn ilẹ̀ wa kò gbà á. Kó jẹ́ kí n so fáànù rẹ̀ ní dáírẹ́ẹ̀tì. Ọ́ìlì tó ń lọ yẹn, kó da 20W-50 tó ki sí i, á dúró. Ṣebí kó ṣiṣẹ́ lẹ fẹ́?

Ọ̀gáÌsọ̀kun

Ẹ̀gbọ́n mi lẹ jẹ́ nídìí iṣẹ́ yìí, ẹ má bínú sí mi, ṣùgbọ́n n kò lè jẹ́ kí ọmọ yìí ṣe bẹ́ẹ̀.

Kí ẹ yọ thermostat nínú ẹ́ńjìnnì tó ní kọ̀ǹpútà, ẹ́ńjìnnì kò ní gbóná dé ibi tó yẹ. Kọ̀ǹpútà á rò pé ilẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mọ́, á máa da epo lé e lójú kan náà. Epo á máa lọ, púlọ́ọ̀gì á dúdú, omi àti epo tó bọ́ sínú ọ́ìlì kò ní rí ooru tó máa lé wọn jáde. Gééjì ooru Golf, 90 ló ń dúró sí ní àárín gan-an. Ẹni tó bá ra tòkunbọ̀ tó wà á láti Ifẹ̀ dé Òṣú tí gééjì kò tíì dé 90, àfàìmọ̀ kó má jẹ́ pé wọ́n ti yọ ọ́. Bí ó bá sì ń kọjá 90, ẹ wá ìdí rẹ̀: pọ́ǹpù omi, ike flange tí páípù omi so mọ́, tó ń sán, fáànù kan tí kò yí. Omi ẹ̀rọ lásán tí a ń bu sí i náà wà nínú ohun tó ń jẹ irin inú ẹ̀, coolant ló yẹ kó wà ńbẹ̀.

Ti ọ́ìlì, ẹ wo ẹ̀yìn gálọ́ọ̀nù. VW 502 00 ni kí ẹ wá, 5W-40 síńtẹ́tíìkì ló sì wọ́pọ̀ tó ní in. Ọ̀pá inú tọ́bò yẹn, orí ọ́ìlì ló ń léfòó. Láàárọ̀ tí ẹ bá ṣáná, ọ́ìlì tó ki máa ń pẹ́ kó tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, irin á sì ti máa ha irin. Ibi tí tọ́bò púpọ̀ ti ń kú nílẹ̀ wa nìyẹn: ọ́ìlì tí kò bá a mu, ọ́ìlì ayédèrú, ọ́ìlì tó ti di ọ̀dà tí wọn kò pààrọ̀. Ẹ tún má ti orí eré wọ inú ilé kí ẹ pa iná lójú ẹsẹ̀. Lóòótọ́, ọkọ̀ yìí ní pọ́ǹpù omi kékeré tó ń ṣiṣẹ́ lẹ́yìn tí ẹ bá pa á, àmọ́ ọ́ìlì tó wà nínú tọ́bò kò ní pọ́ǹpù tirẹ̀. Ẹ máa fi pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ rin ìwọ̀nba tó kù kí ẹ tó délé.

BàbáRẹwáyà

Ó dáa, ó dáa. Ti fáànù ńkọ́?

Ọ̀gáÌsọ̀kun

Ti fáànù, ẹ bá mi tún wáyà rẹ̀ ṣe bí wọ́n ṣe ṣe é wá. Ẹ̀yin lẹ mọ̀ ọ́n jù mí lọ.

ỌmọÌlódè

Ẹ kú àdúrótì, gbogbo yín. Ọ̀dọ̀ fọ́kánáísà ní Párákín ni mo gbé e lọ. Ó kọ́kọ́ rò pé orí mi kò pé nígbà tí mo ní kó bá mi fún ẹ́ńjìnnì ní afẹ́fẹ́. A dí ẹnu páípù, a fún un dé bíi 12, mo wọ abẹ́ ọkọ̀ lọ pẹ̀lú omi ọṣẹ. Àwọn họ́ọ̀sì ńlá kò ṣe nǹkan kan. Kò sí ibi tó hó, ni mo bá ní kí a wo diverter valve tí ọ̀gá wí. Nígbà tí a tú u, rọ́bà inú rẹ̀ ti ya kúrò létí, ó kù díẹ̀ kó já, ọ́ìlì dúdú sì wà nínú ibi tó ya.

Mo wọkọ̀ lọ sí Àràrọ̀mí ní Gate, n'Ìbàdàn. Ẹni àkọ́kọ́ tó dá mi lóhùn gbé tòkunbọ̀ tó ti fi epo fọ̀ tó ń dán fún mi, ó ní tuntun ni. Mo yí ẹ̀yìn rẹ̀ wò, kò sí D. Ẹni tó wà ní ṣọ́ọ̀bù kejì sí i ló ní ojúlówó. A so ó, a pa kóòdù rẹ́, mo gbé e gba ọ̀nà Oǹdó. Ẹ̀yin ará, ọkọ̀ fà! P0299 kò padà wá.

Ó ku ti gbígbọ̀n àárọ̀. Mo ti pààrọ̀ ipò kọ́ìlì bí Àǹtí ṣe wí, kóòdù kankan kò jáde. PCV náà, súfèé wà, ó sì dákẹ́ nígbà tí mo ṣí ìdérí ọ́ìlì. Mo ti ní kí wọ́n bá mi wá a.

Akẹ́kọ̀ọ́MẹkáFáṣítì

Bí PCV tuntun bá wọlé tó ṣì ń gbọ̀n láàárọ̀ nìkan, ẹ̀gbin ẹ̀yìn fáàfù tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọ sìlíńdà ni mo máa fura sí. Ẹ́ńjìnnì yìí, inú sìlíńdà tààrà ni injector ti ń fọ́n epo. Ti àtijọ́ máa ń fọ́n epo sẹ́yìn fáàfù, epo á fọ̀ ọ́ kó tó wọlé. Nínú tiwa, epo kì í kan ẹ̀yìn fáàfù rárá, afẹ́fẹ́ ọlọ́ìlì tí PCV ń kó bọ̀ nìkan ló ń débẹ̀, á gbẹ mọ́ ọn, á di èédú. Ìdí nìyẹn tí oògùn tí wọ́n ń ní kí a dà sínú táńkì kò fi lè tú u. Ẹni tó ń tà á kò ní sọ ìyẹn fún yín.

Wọ́n á tú intake manifold (páípù tó ń pín afẹ́fẹ́ fún àwọn sìlíńdà), wọ́n á yí ẹ́ńjìnnì títí fáàfù sìlíńdà tí wọ́n fẹ́ fọ̀ á fi pa dé, wọ́n á wá ha á jáde. Lókè òkun, lẹ́búlẹ́bú èèpo àsálà òyìnbó ni wọ́n ń fi ẹ̀rọ fẹ́ lù ú. Ẹ má wá lọ kó àsálà ní ọjà Odò-Ògbè o! Nílẹ̀ wa, kẹ́míkà, búrọ́ọ̀ṣì àti sùúrù ni. Fáàfù tó bá ṣì ṣí sílẹ̀, ẹ má fọwọ́ kàn án, èédú tó bá já bọ́ sínú sìlíńdà á ba nǹkan jẹ́.

Ọ̀gáÌsọ̀kun

Òótọ́ ló sọ. Ṣùgbọ́n kó tó di ti èédú, ỌmọÌlódè, ṣé ẹnikẹ́ni ti wo cam follower ọkọ̀ yẹn láti ìgbà tó o ti rà á?

ỌmọÌlódè

Ọ̀gá, mi ò tilẹ̀ mọ ohun tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀.

Ọ̀gáÌsọ̀kun

Má tíì fi ọkọ̀ yẹn sáré, nígbà náà. Ẹ̀gbẹ́ gíá, lórí ẹ́ńjìnnì, ni pọ́ǹpù epo alágbára wà, èyí tó ń ti epo tó lè kọjá 100 bar lọ sí injector. Camshaft, ọ̀pá tó ń ṣí fáàfù, ló ń tẹ pọ́ǹpù yẹn. Láàárín àwọn méjèèjì, ìdérí irin kékeré kan wà tó ń gba ìyà: camshaft ń fi apá kan rẹ̀ lù ú, pọ́ǹpù ń tì í padà. Òun ni cam follower. Wọ́n kun orí rẹ̀ ní dúdú. Dúdú yẹn á kọ́kọ́ ṣí, irin funfun á yọ, irin náà á fẹ́lẹ́, á wá lu. Ọjọ́ tó bá lu, ọ̀pá pọ́ǹpù á bẹ̀rẹ̀ sí í gún camshaft. Ohun tí o lè fi owó díẹ̀ rà á di camshaft àti pọ́ǹpù pọ̀. Kóòdù tó sì máa ń gbé jáde, P0087 tàbí P2293, ọ̀rọ̀ epo ló máa ń sọ, ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ fi ń lọ pààrọ̀ pọ́ǹpù inú táńkì láìyanjú ọ̀rọ̀.

Tú pọ́ǹpù (nọ́ọ̀tì mẹ́ta ni, Torx T30), fa follower jáde, wo orí rẹ̀ nínú oòrùn. Bí dúdú bá ṣì bò ó, dá a padà. Bó bá ti funfun ní àárín, pààrọ̀ rẹ̀. Èmi máa ń tún un wò ní bíi 20,000 kìlómítà, ẹni tó bá ń tẹná gan-an kó má jẹ́ kó tó bẹ́ẹ̀.

Nǹkan méjì míì, kí n má gbàgbé. Bélítì ni ó ń yí camshaft ẹ́ńjìnnì yìí. Bí kò bá sí ìwé pé wọ́n ti pààrọ̀ rẹ̀, pààrọ̀ ọ́ pẹ̀lú tensioner tó ń fà á le àti pọ́ǹpù omi. Tó bá já lójú ọ̀nà, písítìnnì á pàdé fáàfù. Ti DSG, ọ́ìlì àti fílítà rẹ̀ ní 60,000 kìlómítà, ọ́ìlì DSG gan-an. Wọ́n máa ń da ATF pupa tí wọ́n ń lò fún gíá ọ́tò yòókù sí i. Clutch inú ọ́ìlì yẹn kò fẹ́ bẹ́ẹ̀, á máa fò, á máa gbá, wọ́n á wá ní gíá ti bàjẹ́.

Ìjẹ̀bújẹ̀ṣàMk6

Ẹ kú iṣẹ́, ọ̀gá. Tèmi Golf 6 GTI ni, 2010. Ṣé gbogbo eléyìí kàn mí?

Ọ̀gáÌsọ̀kun

Èédú kàn ọ́, kọ́ìlì kàn ọ́, diverter valve kàn ọ́. Ti follower, ẹ́ńjìnnì tìẹ ní rólà níbẹ̀, kò yọ ọ́ lẹ́nu. Ẹ̀rù tìrẹ ni ṣéènì: tìẹ kì í ṣe bélítì, tensioner tí wọ́n kọ́kọ́ fi sí wọn kò lágbára, ó lè jọ̀wọ́ ṣéènì kí fáàfù sì pàdé písítìnnì. Bó bá ń dún gbàràgàdà ní ìṣẹ́jú àáyá àkọ́kọ́ tó o bá ṣáná láàárọ̀, tàbí tí kóòdù P0016 bá yọ, má wà á mọ́. Ihò kékeré kan wà lára ìdérí ṣéènì tí wọ́n lè gbà wo eyín tensioner láìtú nǹkan púpọ̀. Bó bá ti fà jáde jù, pààrọ̀ rẹ̀ sí èyí tí wọ́n tún ṣe. Àwọn tìẹ tún máa ń mu ọ́ìlì nítorí ring písítìnnì, nítorí náà máa fa gééjì ọ́ìlì wò nígbàkígbà tó o bá ra epo.

ỌmọÌlódè

Ọ̀gá, mo ń gbé e bọ̀ ní Iléṣà ní Sátidé. Ṣé kí n ra follower dání?

Ọ̀gáÌsọ̀kun

Rà á ní tuntun, má ra tòkunbọ̀ rẹ̀. Gbé ọkọ̀ wá ní ìrọ̀lẹ́ Fúráìdé kó sùn sí ṣọ́ọ̀bù, n kì í tú pọ́ǹpù epo yẹn lórí ẹ́ńjìnnì tó gbóná.